Ẹ̀yin tí ẹ ti darí ẹgbẹ́ ìtọ́sọ́nà ẹ̀mí rí: báwo lẹ ṣe ń dá àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn dúró?

ÌyáTẹ̀jú_Sùúrùlérè
Ọjọ́ Àìkú, aago 8:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí n gbé e wá síbí, torí mo mọ̀ pé àwọn tó ti ṣe irú ẹ̀ rí wà láàárín wa.

Fíkà wa ló pè mí pé kí n kó àwọn èèyàn mélòó kan jọ nílé mi, ká máa ṣe ìtọ́sọ́nà ẹ̀mí. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: kì í ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì, kì í ṣe àdúrà ìtúsílẹ̀, kì í sì í ṣe ìgbaninímọ̀ràn. Ẹnìkan á sọ ohun tí Ọlọ́run ń bá a ṣe lọ́wọ́, tàbí ibi tí kò ti gbúròó Ọlọ́run mọ́, àwọn yòókù á sì bá a tẹ́tí sí Ẹ̀mí Mímọ́. Lọ́jọ́ mìíràn á kan ẹlòmíràn. Mo lọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹ̀, mo sì rò pé ó ti yé mi.

A jẹ́ mẹ́fà. Ìpàdé kìíní lọ dáadáa. Ní ìkejì, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, tó ti níyàwó, sọ pé láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ọkàn òun ò sí ní báǹkì mọ́. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló ń pe òun, àbí ó kàn ti rẹ òun ni. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí màmá kan láàárín wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀: "Ọmọ mi, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Má fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Ta ló máa san owó ilé?" Arákùnrin kan ní òun mọ ẹnìkan tó fi báǹkì sílẹ̀, tó ń wá ẹni tó máa yá a lówó báyìí. Ẹnìkẹta dìde dúró, ó dijú, ó ní Olúwa fi ilẹ̀kùn kan han òun, wọ́n tì í pa, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú omi. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Màmá yẹn fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù mí lọ. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ọmọkùnrin náà ní "ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà", ó tẹ orí ba, ó ń wo fóònù rẹ̀. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́rú, ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ ní ìpàdé àwọn obìnrin pé ọkọ òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ ò tíì sọ fún un. Kò wá sí ìpàdé kẹta. Tí mo bá pè é, ó ń gbé e, ó ń dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ti tilẹ̀kùn.

Ẹ gbà mí. Báwo lẹ ṣe ń dá irú èyí dúró láìrí àgbà fín? Báwo lẹ sì ṣe ń mú kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú yàrá dúró nínú yàrá?

BàbáKíláàsì_Ẹ̀bútéMẹ́tà
Ọjọ́ Àìkú, aago 9:32 alẹ́

Àbúrò mi, o kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti jẹ́ olórí kíláàsì, ìyẹn àwùjọ kékeré tí a máa ń pín ọmọ ìjọ sí, nítorí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ yìí kò ṣàjèjì sí mi.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, má sì bínú. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yìí tí o kọ síbí, ṣé o gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀? O ò dárúkọ rẹ̀, mo rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan láti ṣọ́ọ̀ṣì yín bá ka èyí lálẹ́ òní, ṣé kò ní mọ̀ ọ́n?

Mo ní láti béèrè, torí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í sábà jáde látẹnu ọ̀tá. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ náà ló máa sọ ọ́, á ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà fún Arákùnrin báyìí-báyìí o, wọ́n fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀." Àdúrà lẹ́nu, ó ti tú àṣírí. Nínú kíláàsì tèmi, kí a tó bẹ̀rẹ̀, kálukú á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan pé: ohun tí mo bá gbọ́ níhìn-ín, níhìn-ín ni màá fi sílẹ̀, mi ò ní sọ fún ọkọ, mi ò ní sọ fún aya, mi ò ní fi ṣe kókó àdúrà níbòmíràn. Bí o bá ka ìlànà sí wọn létí, etí ọ̀tún á gbọ́, tòsì á tú u dànù. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ, á máa bẹ̀rù láti sẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí kíláàsì ti wá, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wa pàápàá ni kò mọ̀. Ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1742, ilé ìjọsìn tí àwọn ará kọ́ jẹ gbèsè. Wọ́n ní kí kálukú máa dá kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀. Wọ́n pín ìjọ sí méjìlá-méjìlá, wọ́n fi olórí kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ló ń lọ láti ilé dé ilé gba owó. Ibi tí ó ti ń gba owó ló ti ń rí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé: èyí ń mutí, èyí àti ìyàwó rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ síra, èyí ò gbàdúrà mọ́. Nígbà tí John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, gbọ́, ó rí i pé èyí gan-an ni ìtọ́jú ọkàn tí òun ti ń wá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí gbogbo kíláàsì máa pàdé pọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Badagry, ó gbé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ọ̀dọ̀ tiwa. Kíláàsì ṣì wà l'Ékòó títí dòní, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, owó kíláàsì ló kù nínú rẹ̀. Ó ń dùn mí.

Nítorí náà, má pè é lórí fóònù mọ́. Gbéra, lọ sílé rẹ̀. Má ṣàlàyé, bẹ̀ ẹ́.

ÌyáTẹ̀jú_Sùúrùlérè
Ọjọ́ Àìkú, aago 9:58 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣé. Àwọn nǹkan kan wà tí mo yí padà nínú ìtàn náà kí wọ́n má baà dá a mọ̀, ṣùgbọ́n rárá, mi ò gbàṣẹ. Ọ̀rọ̀ yín gún mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Màá sọ fún un fúnra mi.

Làbákẹ́_Yábàá
Ọjọ́ Àìkú, aago 10:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ mà. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn èèyàn Ọlọ́run.

Ìjọ Àgùdà ni mò ń lọ, ó sì ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń jókòó ti àwọn èèyàn báyìí. Lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yín kì í ṣe ẹ̀bi Màmá nìkan. Nígbà tí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ tán, tí kò sí nǹkan kan láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ẹnu àwọn yòókù, ìmọ̀ràn ló máa kọ́kọ́ wọlé, torí òun ló sún mọ́ ẹnu wa jù. Ìdákẹ́jẹ́ lẹ máa fi sí àárín yẹn.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. A kì í ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, olùdarí náà wà nínú iye yẹn. Ẹ̀yin mẹ́fà ti pọ̀ díẹ̀, mà. A ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tó kàn á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹnikẹ́ni ò ní dá sí i. A ó tún dákẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má dín in kù! Ìgbà yẹn ni kálukú á bi ara rẹ̀ pé: ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣé Ọlọ́run ló fi sí mi lọ́kàn fún un, àbí èmi ni ara mi ò gbà á kí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ láìsí ojútùú? Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ìdáhùn. Ká wá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ká fi ẹni náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó ń gbà tó ìdajì wákàtí ó lé díẹ̀ fún ẹnìkan. Ìlànà yìí kì í ṣe tèmi o. Sístà kan ní Amẹ́ríkà, Rose Mary Dougherty, ló tò ó lẹ́sẹẹsẹ nígbà tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní Shalem, ilé-ẹ̀kọ́ ìtọ́sọ́nà ẹ̀mí kan níbẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí ẹ̀ lọ́dún 1995.

Ní ti ìdáhùn, a máa ń sọ pé kí wọ́n fi ìbéèrè dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, mà. "Ṣé ẹ ò rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú owó oṣù mẹ́fà pamọ́?" Ìmọ̀ràn nìyẹn, agbádá ìbéèrè ló wọ̀. Ìbéèrè tòótọ́ ni èyí tí ẹni tó ń bi í ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Fún ọmọkùnrin yẹn, ìbá dáa kí ẹnìkan bi í pé: nígbà tí o bá wà láàárín àwọn ọmọ yẹn, báwo ni Ọlọ́run ṣe ń rí lójú rẹ? Nígbà tó o bá wà ní báǹkì ńkọ́?

Ignatius ti Loyola, àlùfáà Àgùdà láyé àtijọ́, tí Póòpù fọwọ́ sí ìwé ìdárayá ẹ̀mí rẹ̀ lọ́dún 1548, kìlọ̀ fún ẹni tó ń darí ẹlòmíràn pé kó má ṣe tì í síhìn-ín, kó má sì tì í sọ́hùn-ún, kódà bí ibi tó fẹ́ tì í sí bá jẹ́ ohun rere. Ó ní kó dúró láàárín bí òṣùwọ̀n, kó jẹ́ kí Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ bá ẹ̀dá rẹ̀ lò. Nígbàkígbà tí mo bá wà ní ọjà Oyíngbò tí mo rí ẹni tó ń wọn ẹja lórí síkéèlì, ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń rántí. Síkéèlì tó ti tẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹja lé e, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ẹ wo Élì pẹ̀lú Sámúẹ́lì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọ náà sáré wá bá a lóru. Àgbà ni Élì, àlùfáà ni, ó sì lè sọ pé "jẹ́ kí n bá ọ béèrè ohun tí Olúwa fẹ́ sọ". Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn kọ́ ọmọ náà ní bí yóò ṣe dáhùn, ó dá a padà sórí ibùsùn rẹ̀.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó
Ọjọ́ Ajé, aago 6:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, kì í ṣe láti ba nǹkan jẹ́.

Gbogbo ìdákẹ́jẹ́ yìí ń kọ mí lóminú. Àwọn bàbá wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nínú ìgbàgbọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Ọlọ́run á gbóhùn sókè, á kígbe bíi Batiméù. Jíjókòó kí èèyàn máa wo ògiri, àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn ló ń ṣe é.

Èkejì, èyí tó ká mi lára jù. Àbúrò mi obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ kan rí, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní ìtọ́sọ́nà. Ọ̀gá wọn ló ń sọ ẹni tí wọ́n máa fẹ́, ilé tí wọ́n máa gbà, ìgbà tí wọ́n máa lọ kí òbí wọn. Ó kọ ọmọ dáadáa kan sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn. Títí di òní, tí a bá ń jẹun tí ẹnìkan ṣèèṣì dárúkọ ọmọ náà, àbúrò mi máa ń dìde kúrò nídìí tábìlì. Ta ló ń darí olùdarí? Ìbéèrè mi nìyẹn.

Làbákẹ́_Yábàá
Ọjọ́ Ajé, aago 7:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ fún ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò yín. Ó dùn mí.

Ìkejì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí òtítọ́ ni. Kò sí ẹni tó yẹ kó darí tí òun fúnra rẹ̀ ò ní ẹni tó ń lọ bá. Èmi ń rí olùdarí tèmi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo sì tún ní ẹnìkan tí mo ń bá sọ bí mo ṣe ń darí: ibi tí inú ti bí mi, ibi tí mo ti fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi. Mi ò sì ń dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un. Nínú ẹgbẹ́ náà pàápàá, olùdarí ò ní ọ̀rọ̀ àṣẹ kankan láti sọ lórí ayé ẹnikẹ́ni. Aago ló ń ṣọ́, ìdákẹ́jẹ́ ló ń ṣọ́. Ọjọ́ tí olùdarí bá ní "Olúwa ní kí o ṣe báyìí", kí ẹ gbé bàtà yín, ẹ máa lọ sílé.

Ní ti ìdákẹ́jẹ́, inú Sáàmù 46 ni "Ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ sì mọ̀ pé èmi ni Ọlọ́run" wà. Èlíjà náà rí ìjì, ó rí ìsẹ̀lẹ̀, ó rí iná, ohùn kẹ́lẹ́ kékeré ló gbẹ̀yìn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kígbe àdúrà o. Èmi náà ń kígbe.

Aládùúrà_Múṣin
Ọjọ́ Ajé, aago 1:05 ọ̀sán

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ìran ni mo fẹ́ dá sí, torí wọ́n máa ń rò pé Aládùúrà ò lè jókòó sí irú ẹgbẹ́ yìí. Kérúbù àti Séráfù ni èmi.

A ò lè sọ pé kí ìran má wáyé. Bí ìjọ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, níbí l'Ékòó. Ọdún 1925 ni, Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, lọ wo ètò ìwọ́de Àgùdà ní Campos, ní Erékùṣù Èkó. Ó rí áńgẹ́lì, ó padà délé, kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n lọ pe wòlíì Mose Orímọládé, ó wá gbàdúrà fún un, ó sì jí. Ẹ wò ó dáadáa: Orímọládé ò wá sọ ìran tirẹ̀ lé e lórí. Àdúrà ló gbà títí ọmọ fi jí, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó rí.

Ní ìjọ tí mo wà, a kì í jẹ́ kí ẹni tó rí ìran dìde kó máa kéde. Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn àgbà á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á gbàdúrà sí i, kí wọ́n tó pe ẹni tó ni ín sí kọ̀rọ̀. Bí ẹni yẹn bá ní òun ò fẹ́ gbọ́, ó parí. Ìran tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run kò ní kú bó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nítorí náà, màmá, ẹ bá ẹni tó rí ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ yẹn sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì pè é ní èké. Ẹ sọ fún un pé nínú ẹgbẹ́ yìí, bí nǹkan bá hàn sí i, kó gbé e pa mọ́ títí ìdákẹ́jẹ́ á fi kọjá. Kó wá bi ara rẹ̀ bóyá ẹ̀rù tirẹ̀ ló rí. Nígbà míì, ẹ̀rù máa ń ya àwòrán sí wa lójú, èmi náà ti rí i lára mi.

ÌyáTẹ̀jú_Sùúrùlérè
Ọjọ́ Ajé, aago 8:11 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ Màmá ló kù. Mi ò lè sọ fún ẹni tó tó ìyá mi pé kó dákẹ́. Ní tòótọ́, mi ò mọ gbólóhùn tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

BàbáKíláàsì_Ẹ̀bútéMẹ́tà
Ọjọ́ Ajé, aago 9:03 alẹ́

Àgbà ni èmi náà, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn wa. Àgbà tó bá ń sọ̀rọ̀ jù nínú àwùjọ, ìbẹ̀rù ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀, pé bí òun ò bá sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn á gbàgbé pé òun wà níbẹ̀. Má dá a lẹ́kun. Fún un níṣẹ́.

Lọ bá a nílé kí ìpàdé tó ó dé, má lọ ní ọwọ́ òfo. Sọ fún un pé o nílò ẹni tí gbogbo wọn á bẹ̀rù láti máa ṣọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Kó di aago mú. Kó jẹ́ pé òun ló máa ní "ó tó", kò sì ní sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi lélẹ̀ pé ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ fèsì. Kì í ṣe àrífín. Bẹ́nẹ́díìtì tó kọ ìlànà fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn láyé àtijọ́ ti sọ ọ́ pé kí wọ́n pe gbogbo èèyàn sí ìmọ̀ràn, torí Olúwa sábà máa ń fi ohun tó dára jù han ẹni tó kéré. Àwọn àgbà wa náà sì gbà pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Nọ́ọ̀sì_Òṣòdì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:50 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́, mo ní kí n sọ èyí kí oorun tó gbé mi lọ.

Ẹ má ṣèlérí pé kò sí ohun tí yóò jáde rárá. Bí obìnrin bá sọ nínú yàrá yẹn pé ọkọ òun ń lu òun, tàbí ẹnìkan ní òun ń ronú láti pa ara òun, tàbí wọ́n ń fọwọ́ kan ọmọdé níbi tí kò yẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ó dákẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ká wá lọ sílé. L'Ékòó, òfin tó dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé ti wà láti ọdún 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní àjọ pàtàkì fún un, DSVA, tí wọ́n fi òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 2021. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ibi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, olùdarí á wá ìrànlọ́wọ́, á sì kọ́kọ́ sọ fún ẹni náà pé òun fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Ẹni tí kò lè sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kò jẹun, tó ń sunkún láìnídìí, ó lè jẹ́ pé dókítà ló nílò. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábàá, ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ tó wọlé síbẹ̀ tí wọ́n sì jáde tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì bá wọn lọ.

Ṣeun_Gbàgádà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 12:30 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè ṣe é lórí fóònù? Èmi ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù, kí n tó gba orí Third Mainland délé, ilẹ̀ ti ṣú.

Làbákẹ́_Yábàá
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:14 ọ̀sán

Ó ṣeé ṣe, a ti ṣe é rí. Kí kálukú wà nínú yàrá tí kò sí ẹlòmíràn, kó fi nǹkan sétí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á sílẹ̀. WhatsApp ẹgbẹ́ náà, kó jẹ́ ti ọjọ́ àti aago nìkan. Ọ̀rọ̀ ọkàn ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

ÌyáTẹ̀jú_Sùúrùlérè
Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, aago 7:25 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Mo lọ sílé ọmọkùnrin náà ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì. Wọn ò tíì tan iná, orí àtẹ̀gùn ni mo ti bá a. Mo ní, "Wọ́n ṣe ọ́ léṣe nílé mi, mo sì jókòó mò ń wò. Má bínú." Mi ò fi kún un. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún mi, òun náà jókòó. Mo fi ohun tí mo kọ síbí hàn án lórí fóònù mi, mo ní bó bá fẹ́, màá bẹ àwọn alábòójútó kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó kà gbogbo èsì yín pẹ̀lú, ìyàwó rẹ̀ ń kà á láti èjìká rẹ̀. Ó ní kí n fi sílẹ̀. Ó ní ìbéèrè Làbákẹ́ yẹn, òun fẹ́ kí ẹnìkan bi òun ní i ní ojúkojú.

Mo lọ sọ́dọ̀ Màmá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọsàn díẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọkùnrin náà. Màmá dákẹ́ pẹ́. Ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn náà, àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ ọ́ fún yín: "Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó ń bi mí ní nǹkan kan mọ́. Bí mo bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣófo, mo máa ń sáré wọlé."

A pín ẹgbẹ́ sí méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó rí ilẹ̀kùn yẹn wà ní apá kejì, fíkà ló ń darí wọn. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó gbà. Ní àná, ọmọkùnrin náà wá. Èmi, òun, Màmá. Kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ìlérí, mo sì sọ ibi tí ìlérí náà dé, bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ó sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ kò ní jáde lẹ́nu mi. Nígbà tó parí, Màmá gbé aago sórí itan, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dákẹ́."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin gùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún, ẹnìkan ń polówó búrẹ́dì nísàlẹ̀, fáànù ń ṣe kẹ-kẹ-kẹ. Mo yọjú wo Màmá lẹ́ẹ̀kan. Ètè wọn ń mì. Wọ́n di etí ìborùn wọn mú, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u, wọ́n ń ká a. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun wọn. Wọ́n gbé e mì. Nígbà tí aago pé, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn nà ọwọ́, wọ́n fi lé ẹ̀yìn ọmọ náà. Èmi ló kéré sí Màmá, nítorí náà èmi ló bi ìbéèrè náà. Ó ronú pẹ́ kó tó dáhùn, nígbà tó sì dáhùn, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ọjọ́ yẹn tó ń wo fóònù.

Nígbà tí a fẹ́ túká, Màmá ní ṣé àwọn náà lè sọ tiwọn nígbà tó bá kàn. Wọ́n ní ó ti pẹ́.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Màmá ló kàn. Ọmọkùnrin yẹn ni yóò di aago mú.